Ìrètí Olùṣọ́gbà

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìhìnrere Lúùkù, orí 13, ẹsẹ̀ 6 títí dé 9.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí lè ya àwọn àgbà kan lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá ni. Àwọn mìíràn yóò béèrè pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn Ìjọ nínú eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń pa àwọn ọmọ Ìjọ lẹ́kún kan Ìjọ. Ohun tí ó bá sì ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí iye wọn pọ̀ ju iye àwọn tí a ń rí ní ìpàdé àdúrà lọ, kò yẹ kí olùṣọ́-àgùntàn kankan pa ojú rẹ̀ dé sí i.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Fọlá Àgòrò kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yóò rí pátákó dúdú tí a fi ẹfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjì sí, àti aago tí wọn yóò pàdé, àti iye owó tí a ó san ní ẹnu ọ̀nà. Nínú irú ilé ìwòran bẹ́ẹ̀ ni atẹ̀wé Ṣómólú, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ti Àkọkà, awakọ̀, oníṣòwò àti tíṣà ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí ẹgbẹ́ wọn bá borí, a ó gbọ́ ariwo wọn dé Abúlé Ìjẹ̀ṣà. Bí wọ́n bá pàdánù, wọn a jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a dákẹ́ bí ẹni tí ó ti ibi ìsìnkú bọ̀. Àwọn kan a máa bú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Àwọn kan a sì búra pé àwọn kò tún ní wo bọ́ọ̀lù mọ́ láé. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, ẹ ó tún bá wọn lórí bẹ́ǹṣì náà.

Àwọn ọdún tí ó kọjá yìí kò rọrùn fún wọn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2022, ní Àbújá, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa, àwọn Super Eagles, ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà ní góòlù kọ̀ọ̀kan; ṣùgbọ́n nítorí pé lórí ilẹ̀ àjèjì ni Gánà ti gbá tirẹ̀ wọlé, àwọn ni ó lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ní Qatar. Inú bí àwọn òǹwòran tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ya wọ inú pápá, tí wọ́n sì ba nǹkan jẹ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024, ní Abidjan, àwa ni a kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà. Ivory Coast dá a padà, wọ́n sì borí wa ní 2 sí 1. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ní Rabat, àwa ni a tún kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Àwọn ará Kóńgò ti Kinshasa dá a padà, wọ́n sì borí wa nínú pẹ́nárítì ní 4 sí 3, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Ife Àgbáyé ti ọdún 2026 tún dí mọ́ wa lórí pápá. Kí oṣù méjì tó pé lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 2026, Mòrókò tún fi pẹ́nárítì lé wa padà ní ẹnu ọ̀nà àṣekágbá Ife Áfíríkà, ipò kẹta ni a sì mú bọ̀ wálé.

Ọjọ́ Olúwa ni ọjọ́ ti Abidjan, Ọjọ́ Olúwa sì ni ọjọ́ ti Rabat. Ọ̀pọ̀ tí ó kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ẹgbẹ́ yìí ní òwúrọ̀ ni ó fi omijé sùn ní alẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń gbọ́ ìbéèrè méjì ní àdúgbò wa: Ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ ni? Títí di ìgbà wo ni ènìyàn yóò máa retí ohun tí kò dé?

Ǹjẹ́ ẹ jẹ́ kí a wo òwe tí Olúwa wa pa. Ọkùnrin kan ní igi ọ̀pọ̀tọ́ kan nínú ọgbà àjàrà rẹ̀. Ó wá èso lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò rí ẹyọ kan. Ó pàṣẹ pé kí a gé e lulẹ̀, nítorí pé lásán ni ó ń gba ilẹ̀. Ṣùgbọ́n olùṣọ́gbà bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún igi náà ní ọdún kan sí i, ó sì ṣe ìlérí iṣẹ́ méjì: òun yóò walẹ̀ yí i ká, òun yóò sì fi ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Bí ó bá so lẹ́yìn èyí, ó dára. Bí kò bá so, nígbà náà ni kí àáké wá.

Gbogbo ẹni tí ó ti sọ rí pé "Ó di ọdún tí ń bọ̀" lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, ọ̀rọ̀ olùṣọ́gbà yìí ni ó ń sọ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó ń sọ, nítorí pé olùṣọ́gbà kò retí ní ọwọ́ òfo. Ọkọ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ wa nìyí, a ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

EKÍNNÍ: Ìrètí tòótọ́ kì í parọ́ nípa igi.

Olùṣọ́gbà kò sọ fún olówó rẹ̀ pé igi náà ti so ṣùgbọ́n ẹyẹ ni ó jẹ èso rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀tá kan wá ká a ní òru. Ó gbà pé igi náà yàgàn. Báwo ni àwa ti ń ṣe? Lẹ́yìn ìdíje ti Rabat, olùkọ́ni ẹgbẹ́ wa sọ ní gbangba fún àwọn oníròyìn pé ẹnìkan ní ìhà Kóńgò ń ṣe oògùn ní ìgbà tí a ń gbá pẹ́nárítì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé bí ó bá jẹ́ oògùn ni, kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú wa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí wọ́n tó wọ pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kọ̀ láti ṣe ìdánrawò nítorí owó tí a jẹ wọ́n. A kò sọ pé gbèsè yìí nìkan ni ó mú kí a pàdánù; pẹ́nárítì a máa tàsé ẹsẹ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jùlọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí igi kò fi so, kí ó kọ́kọ́ wo gbòǹgbò rẹ̀, kí ó tó máa wá àjẹ́ lórí ẹ̀ka rẹ̀.

Ní ti àdúrà, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí a ti ń kúnlẹ̀ ní Bàrígà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ń kúnlẹ̀ ní Kinshasa, Baba kan náà ni wọ́n sì ń ké pè. Láti ọdún 1974, nígbà tí a ń pe ilẹ̀ wọn ní Zaire, títí di ọdún 2025, wọn kò fi ojú kan ìdíje Ife Àgbáyé mọ́. Àwọn náà ní igi tí wọ́n ti ń bomi rin láti ọjọ́ pípẹ́. Baba tí ó bí ọmọ púpọ̀ kò lè fi ẹran kan ṣoṣo sí ọwọ́ gbogbo wọn. Kí àwọn tí ń dìde lórí pẹpẹ tí wọ́n ń sọ iye góòlù tí Olúwa fi hàn wọ́n ní ojú ìran sì bẹ̀rù. Nítorí pé bí àsọtẹ́lẹ̀ wọn bá ṣubú, ìgbàgbọ́ àwọn kéékèèké ni yóò gbé ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé kí a má ṣe fi ẹnikẹ́ni ṣe léṣe, kí àwọn ọmọ wa ṣe ipa wọn láìṣe èrú, kí a sì lè fara da èyíkéyìí tí ó bá dé.

EKEJÌ: Ìrètí tòótọ́ a máa walẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà yóò rántí pé èyí kì í ṣe àkọ́kọ́ ìbànújẹ́ wa. Ní ọdún 1984, ní Abidjan, Kamẹrúùnù borí wa ní 3 sí 1 nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà. Ní ọdún 1988, ní Casablanca, Kamẹrúùnù tún borí wa ní 1 sí òfo. Henry Nwosu kan bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí kò kà á, àwọn àgbà sì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1990, ní Algiers, Àlùjíríà borí wa ní 1 sí òfo. Ìgbà mẹ́ta ni a wá èso, ìgbà mẹ́ta ni a kò rí, gẹ́gẹ́ bí ọdún mẹ́ta inú òwe náà.

A kò ṣàì mọ àwọn tí ó jìyà rẹ̀. Nwosu àti Stephen Keshi, tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún wa ní Casablanca, kàwé ní St. Finbarr's College ní Àkọkà, tí kò jìnnà sí Fọlá Àgòrò. Nígbà náà kò ṣòro láti sọ pé kí a gé igi náà lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1989 a ti pe Clemens Westerhof láti ilẹ̀ Netherlands láti kọ́ ẹgbẹ́ náà. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí ó kó wọn lọ, ní Algiers ní ọdún 1990, àyò márùn-ún sí ẹyọ kan ni Àlùjíríà fi kí wọn káàbọ̀, kí wọ́n tó tún pàdé nínú àṣekágbá. A kò lé e. Ó ń wá àwọn ọ̀dọ́, ó ń tọ́ wọn, ó ń to ẹgbẹ́ náà ní ẹyọ ẹyọ. Ní ọdún 1992 wọ́n gba ipò kẹta ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 1994, ní Tunis, wọ́n borí Zambia ní 2 sí 1. Emmanuel Amuneke ni ó gbá góòlù méjèèjì, Keshi, tí ó jẹ́ balógun wọn, sì gba ife náà. Ní ọdún 2013 Keshi kan náà, tí ó ti di olùkọ́ni, tún kó àwọn ọmọ wa gba ife náà ní Johannesburg. Láti 1984 dé 1994 jẹ́ ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ ni a sì fi kún púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ má ṣe gbàgbé Zambia tí a borí ní ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, ọkọ̀ òfúrufú tí ó gbé ẹgbẹ́ wọn já sínú òkun ní etí Libreville ní ilẹ̀ Gabon, gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú, agbábọ́ọ̀lù 18 wà lára wọn. Ọdún kan kò tíì pé tí wọ́n fi kó ẹgbẹ́ mìíràn jọ, tí wọ́n sì bá wa dé àṣekágbá. Ní ọdún 2012, ní Libreville náà, ní ìlú tí ó súnmọ́ ibi tí àwọn ará wọn gbé ṣègbé, Zambia gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń sọkún nítorí pẹ́nárítì rántí àwọn tí ó sin ẹgbẹ́ odindi kan, tí wọ́n sì tún gbé ọkọ́.

Nísinsìnyí ẹ wo ìrètí tí kò ní ọkọ́. Ẹ mọ àwọn ilé tẹ́tẹ́ tí ó kún òpópó wa, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fi owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ra ìwé pélébé kan. Ẹgbẹ́ kò bí i, kò sì fẹ́ràn ẹgbẹ́. Orúkọ wọn ni ó ń kọ sílẹ̀ bí ẹni tí ń ka ọ̀pẹ̀lẹ̀. Bí ó bá yan ìdíje 10, tí mẹ́sàn-án bọ́ sí i, tí ọ̀kan já a, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ ṣe é lójú pátákó fún àwọn ọmọ: bí ó bá jẹ́ pé nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan ó lè gbà á tàbí kí ó ṣì í ní ọgbọọgba, ẹ fi 2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ó rí 1,024. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ 1,024, ẹyọ kan ni ó yẹ kí a retí pé yóò jẹ. Ẹni tí ó ni ilé tẹ́tẹ́ mọ ìṣirò yìí, ẹni tí ń ra ìwé ni kò mọ̀ ọ́n. Owó ilé ìwé ti wọ ibẹ̀, owó ilé ti wọ ibẹ̀, owó tí a fi pamọ́ sí ọwọ́ akápò ẹgbẹ́ pàápàá ti wọ ibẹ̀ rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìrètí pe ohun tí ń ra ilẹ̀ aláìní ní ojoojúmọ́.

ẸKẸTA: Ìrètí tòótọ́ a máa mú sùúrù dé ilé.

Ọ̀pọ̀ ní àdúgbò wa fẹ́ràn Arsenal ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà tí Nwankwo Kanu ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, láti ọdún 1999 dé 2004. Ní ọdún 2004 náà ni ẹgbẹ́ yìí gba ife líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò pàdánù ẹyọ kan nínú ìdíje 38. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2025 ife náà kò tún kan ọwọ́ wọn. Ní ọdún 2023, ní 2024 àti ní 2025, ipò kejì ni wọ́n parí sí. Àwọn ti Manchester United tí ń fi wọ́n ṣẹ̀sín rí ẹgbẹ́ tiwọn ní ipò 15 nínú ogún ní ọdún 2025. Síbẹ̀, nígbà tí líìgì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, àwọn méjèèjì wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì lọ jókòó.

A kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó dúró ti ẹni tí ń pàdánù fún ọdún 21 ní ohun rere kan nínú, ọ̀pọ̀ nínú àwa oníwàásù ni kò sì ní i. Ìbéèrè wa ni èyí: níbo ni sùúrù náà ń lọ bí a bá dé ẹnu ọ̀nà ilé wa? Baba kan dárí ji ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdọọdún. Ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Arákùnrin kan mọ àlébù gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn wọn síbẹ̀. Àlébù kan péré ni ó rí lára ìyàwó rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Àwọn mìíràn ń gbé ìbínú ilé ìwòran wálé, wọn a gbé àwo oúnjẹ sọnù, wọn a tilẹ̀ na ọwọ́ sí aya. Ará, ìyàwó rẹ kò gbá pẹ́nárítì kankan sófo.

Ẹ̀yin tíṣà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ni a dìídì kọ èyí sí. Nínú kíláàsì yín, ọmọ kan wà tí ó ti wà ní ipò ìkẹyìn fún ọdún mẹ́ta. Àwọn òbí rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ àáké. Bí ẹ bá sọ pé ẹ ó fún un ní ọdún kan sí i, ó dára; ṣùgbọ́n ẹ̀yin pẹ̀lú gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ ó ṣe nínú ọdún náà. Ta ni yóò jókòó tì í fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí agogo bá lù? Ta ni yóò wádìí bóyá ebi ni ń pa á, tàbí ojú rẹ̀ ni kò ríran dé ara pátákó? Ìyẹn ni wíwalẹ̀. Ajílẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọwọ́ mímọ́ ń fẹ́ gbé, ṣùgbọ́n kò sí olùṣọ́gbà tí ó lè fi ìbọ̀wọ́ funfun tọ́ igi.

Ẹ sì ṣàánú àwọn agbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nítorí pé ènìyàn ni wọ́n. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, Samuel Okwaraji, amòfin, ẹni ọdún 25, ṣubú lulẹ̀ níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa pẹ̀lú Angola, ó sì kú. Pápá ìṣeré ti Sùúrùlérè ni ó kú sí. A ń pe orúkọ àdúgbò náà lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ láìgbọ́ ìwàásù tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ bú ọmọ ẹlòmíràn nítorí bọ́ọ̀lù tí ó tàsé, kí ó kọ́kọ́ dúró pe orúkọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

NÍ ÌPARÍ, ẹ̀yin ará, ẹ kíyèsi i pé Olúwa wa kò sọ òpin òwe náà. Kò sọ fún wa bóyá igi náà so ní ọdún kẹrin. Ìdí rẹ̀ ni pé àwa gan-an ni igi náà, ọdún kẹrin wa ni a sì wà yìí. Mélòó ni ìgbà tí Ọlọ́run ti wá èso lọ́dọ̀ wa, tí ó jẹ́ pé ewé ni ó bá? A ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nígbà Lẹ́ńtì, a ti gbàgbé kí Àjíǹde tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé Ọ̀run ń bú wa bí a ti ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, ta ni ì bá dúró? Ṣùgbọ́n Ẹnìkan dúró láàrin àwa àti àáké, Ó bẹ̀bẹ̀ fún wa, Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ilẹ̀ náà, títí ọwọ́ náà fi ní àpá. Síbẹ̀ ọdún kan ni Ó bèèrè, kò bèèrè àìnípẹ̀kun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sùúrù rẹ̀ ṣe eré.

Ẹgbẹ́ wa lè borí ní ọdún tí ń bọ̀, ó sì lè pàdánù. Irú ìrètí bẹ́ẹ̀ wà fún ayọ̀ àti fún ẹkún, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ bí a bá fi í sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ní orí karùn-ún, nípa ìrètí kan tí a ń gba inú ìpọ́njú àti sùúrù dé, tí kì í sì í dójú ti ẹni tí ó dì í mú. Èyí ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀, kí a sì kọ́ èyí tí ó kù lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa Ọlọ́run, olówó ọgbà, a dúpẹ́ pé O kò tíì gé wa lulẹ̀. Kọ́ wa láti sọ òtítọ́ nípa àìso wa. Fi ọkọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń retí ní Fọlá Àgòrò, ní Ṣómólú àti ní Bàrígà. Gba àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́wọ́ tẹ́tẹ́. Mú kí àwọn ọmọ tí ó gbẹ̀yìn rí ẹni tí yóò walẹ̀ yí wọn ká. Kí ọjọ́ tí Ìwọ yóò bá bẹ̀ wá wò sì bá èso lórí wa, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.